Èkó sí Salvador ní Bahia: ọ̀nà wo ló yá, ọ̀nà wo ló jìn, èwo ni kí ẹ gbà?

Ẹ mú glóòbù, àwòrán ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù yẹn, kí ẹ fi okùn wọn ọ̀nà méjì láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ẹ na okùn àkọ́kọ́ dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ na ìkejì gba orí òkun dé Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì. Ti Lọ́ńdọ̀nù yóò fún yín ní nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Ti Salvador yóò fún yín ní nǹkan bíi 5,085. Gbogbo ohun tí ìkejì fi ju àkọ́kọ́ lọ kò ju kí èèyàn kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Abẹ́òkúta.

Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ bàálù Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ òní, ibẹ̀ ni yóò ti mu tíì àárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó ń lọ sí Salvador lè gbéra lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta fi mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn wá tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí kò jìnnà sí Pópó Àgùdà. Àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ Bahia kò pọ̀ tó àwọn tó ń lọ sí Dubai tàbí Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo fẹ́ràn jù. Olórìṣà wà nínú wọn tó ń lọ kí àwọn ará ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíìlì, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Àgùdà tí orúkọ ìdílé wọn ṣì jẹ́ ti Potogí náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ bi mí: “Wákàtí mélòó ni?” Mi ò lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dá wọn lóhùn, torí ọ̀nà tí èèyàn bá gbà ló ń sọ wákàtí.

Kí ló dé tí ibi tó sún mọ́ fi jìn tó bẹ́ẹ̀?

Bàálù ńlá tó bá ti gòkè tán máa ń sá tó 850 sí 900 kìlómítà láàrin wákàtí kan. Ẹ fi àkókò ìgbéra àti ìbalẹ̀ kún un, 5,085 kìlómítà kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí méje lọ. Bí bàálù kan bá ń gbéra ní Ìkẹjà tó ń balẹ̀ ní Salvador tààrà, ẹni tó jẹun àárọ̀ ní Èkó yóò jẹun ọ̀sán ní Bahia lọ́jọ́ kan náà.

Kò sí irú bàálù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òkun ló dí wa lọ́wọ́, torí òkun tó fẹ̀ ju èyí lọ ni bàálù ń fò kọjá lójoojúmọ́. Èrò ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í gbé ọkọ̀ ńlá jáde bí wọn ò bá rí èèyàn tí yóò kún inú rẹ̀ lọ àti bọ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Nítorí náà oníkálukú wọn ń kó èrò lọ sí ilé ara rẹ̀ ná. Ti Etiópíà á gbé yín lọ sí Addis Ababa, ti Gúúsù Áfíríkà á gbé yín lọ sí Johannesburg, ti Mòrókò á gbé yín lọ sí Casablanca, ti Faransé á gbé yín lọ sí Paris. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da èrò Èkó pọ̀ mọ́ èrò ìlú mìíràn kí ọkọ̀ Bràsíìlì tó kún.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò lórí máàpù nìyẹn, kí ẹ tó wo iye owó pàápàá: ṣé iwájú ni ibi tí ẹ ti fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ wà, àbí ẹ̀yìn? Ẹ wo àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Láti Heathrow sí Salvador, ìlà tó kúrú jù jẹ́ nǹkan bíi 8,036 kìlómítà. Bí wọ́n bá yà ní Lisbon, tí wọ́n wọ ọkọ̀ TAP, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Potogí, tó ń lọ sí Salvador tààrà, àpapọ̀ ọ̀nà méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 8,062. Kìlómítà 26 péré ló fi lé! Lisbon wà lójú ọ̀nà wọn gan-an, bí ìgbà tí ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn bá yà ní Ṣágámù. Ìdí rèé tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jìnnà sí Bahia ju àwa lọ ní 3,000 kìlómítà, fi máa ń débẹ̀ ṣáájú wa.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú tí a ti lè pààrọ̀ ọkọ̀, àríwá ló wà, tàbí ìlà oòrùn, tàbí gúúsù. Salvador sì wà ní ìwọ̀ oòrùn.

Àwọn ọ̀nà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Èmi ni mo ṣe ìṣirò kìlómítà wọ̀nyí láti pápákọ̀ dé pápákọ̀, lórí ìlà tó kúrú jù. Bàálù lè yà díẹ̀ nítorí ojú ọjọ́, kí ó fi díẹ̀ kún un. Wákàtí tó wà níbẹ̀, ti inú afẹ́fẹ́ nìkan ni; ìdúró kò sí nínú rẹ̀. São Paulo tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni ìlú ńlá Bràsíìlì tí ẹ ó ti wọ ọkọ̀ abẹ́lé lọ sí Salvador.

| Ibi tí ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ | Kìlómítà lápapọ̀ | Wákàtí nínú afẹ́fẹ́ | Ọkọ̀ mélòó |
|---|---|---|---|
| Paris | bíi 12,690 | bíi 16 ààbọ̀ | 2 |
| Casablanca, São Paulo | bíi 12,180 | bíi 17 | 3 |
| Johannesburg, São Paulo | bíi 13,420 | bíi 18 ààbọ̀ | 3 |
| Addis Ababa, São Paulo | bíi 15,300 | bíi 20 | 3 |
| Dubai, São Paulo | bíi 19,570 | bíi 25 | 3 |

Ẹ tún wo 5,085 tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Addis jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ti Dubai fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin.

Paris: ọkọ̀ méjì péré, àmọ́ ẹ wo físà yín

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Air France ti ń fò láti Paris sí Salvador tààrà. Kì í ṣe ojoojúmọ́, nítorí náà ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ń lọ ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́ tí ẹ ó kúrò ní Èkó. Èkó sí Paris jẹ́ nǹkan bíi 4,720 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Paris sí Salvador jẹ́ nǹkan bíi 7,970, wákàtí mẹ́wàá.

Àǹfààní rẹ̀ ju iye wákàtí lọ. Ẹ kò ní rí São Paulo rárá. Salvador ni ẹ ó ti tẹ pásípọ́ọ̀tì, ibẹ̀ ni ẹ ó ti gba ẹrù, ibẹ̀ náà ni ìrìn parí sí. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tàbí ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́, èyí sàn ju kí wọ́n dín ẹgbẹ̀rún kìlómítà kù fún un lọ.

Àmọ́ ìdènà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dé iwájú káńtà ní Ìkẹjà. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà ìkọjá pápákọ̀ kó tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, bí kò tilẹ̀ ní jáde kúrò nínú pápákọ̀. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí òfin yẹn mú. Ẹni tó bá ní físà Schengen tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan, bọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí nínú wọn kọ́kọ́ lọ gba físà ìkọjá, kó fi owó rẹ̀ kún owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó fi ọ̀sẹ̀ tí yóò fi dúró dè é kún ọjọ́ ìrìn, kó tó sọ pé ọ̀nà Paris dára fún òun. Gbogbo ìlú Schengen ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, títí kan Frankfurt àti Lisbon.

Casablanca: èyí tó kúrú jù nínú àwọn tó gba São Paulo

Royal Air Maroc ló ń gba ibẹ̀. Èkó sí Casablanca jẹ́ nǹkan bíi 3,190 kìlómítà, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Casablanca sí São Paulo jẹ́ nǹkan bíi 7,540, tó wákàtí mẹ́wàá. Lórí kìlómítà, òun ló dín jù nínú gbogbo tábìlì yẹn, ó tilẹ̀ dín sí ti Paris, torí Casablanca yà sí ìwọ̀ oòrùn ju Èkó lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ pàápàá jìnnà sí Bràsíìlì ju Èkó lọ.

Ohun tó lè ba adùn rẹ̀ jẹ́ ni ìdúró. Nítorí pé ọkọ̀ São Paulo kì í lọ lójoojúmọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan lè dá yín dúró ní Casablanca fún wákàtí mẹ́ta, òmíràn á dá yín dúró fún ogún wákàtí, owó wọn á sì sún mọ́ra. Ẹ béèrè iye wákàtí ìdúró kí ẹ tó béèrè iye owó.

Addis Ababa: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà

Òun ni mo máa ń tà jù, nítorí ìdí méjì: Ethiopian Airlines mọ Nàìjíríà dáadáa, ọkọ̀ rẹ̀ láti Addis sí São Paulo sì pọ̀ dáadáa. Ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò náà máa ń tẹ́ àwọn èèyàn wa lọ́rùn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí ó ṣe ń rí lára, kí ó má bàa yà yín lẹ́nu. Láti Èkó, ẹ ó fò lọ sí ìlà oòrùn fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, 3,920 kìlómítà. Nígbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ São Paulo, ọ̀nà tí ẹ ti wá ni ẹ ó kọjú sí padà. Ẹ ó tún gba orí Áfíríkà, ẹ ó jáde sórí òkun, ó sì tó wákàtí márùn-ún mìíràn kí ẹ tó dé ọ̀gangan Èkó, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí omi. Ẹ ti lo wákàtí mẹ́wàá nínú afẹ́fẹ́ báyìí, ẹ ò tíì sún mọ́ Bràsíìlì ju bí ẹ ṣe wà nígbà tí ẹ jókòó sí Ìkẹjà. Ọkọ̀ kejì yẹn nìkan jẹ́ nǹkan bíi 9,930 kìlómítà, ó lé ní wákàtí méjìlá lórí ìjókòó kan. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú gbọ́dọ̀ máa dìde rìn nínú ọkọ̀, kó mu omi dáadáa, kó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má gbà á. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tó fẹ́ ọjọ́ tó rọrùn àti ẹrù tó pọ̀, yóò gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ilẹ̀ máa mọ́ bá yín ní Addis, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òtẹ́ẹ̀lì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì rí ìdáhùn lórí ìwé.

Johannesburg àti Dubai

South African Airways padà sí ọ̀nà Johannesburg sí São Paulo ní 2023. Èkó sí Johannesburg jẹ́ nǹkan bíi 4,530 kìlómítà, ìyókù dé São Paulo jẹ́ 7,440. Afẹ́fẹ́ òkè apá ibẹ̀ máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, nítorí náà ìlọ máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ, ìyàtọ̀ wọn sì lè tó wákàtí kan. Kí ẹni tó bá gbà á mú yẹ́lò káàdì rẹ̀, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, dání. Gúúsù Áfíríkà kì í fi káàdì yẹn ṣeré fún ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Káàdì náà yóò wúlò fún yín ní ọ̀nà gbogbo, torí ibà pọ́njú wà ní apá kan Bràsíìlì pàápàá.

Ti Dubai, ìgbà tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní Dubai nìkan ni mo lè sọ pé kí ẹ gbà á. Oníṣòwò tó fẹ́ rajà níbẹ̀ kó tó lọ ní ìdí. Ẹlòmíràn kò ní. Ọkọ̀ láti Dubai sí São Paulo lé ní 12,200 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìjókòó kan ṣoṣo.

São Paulo gan-an ni ibi tí ìrìn ti ń bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá ti dé São Paulo, àwọn ti dé. Ó ku nǹkan bíi 1,450 kìlómítà, wákàtí méjì àti díẹ̀ nínú bàálù. Bọ́ọ̀sì wà tó ń lọ láti São Paulo sí Salvador, àmọ́ ó lé ní ọgbọ̀n wákàtí. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn irú ìrìn tí ẹ ti rìn.

Ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Bràsíìlì ni wọ́n ti ń tẹ pásípọ́ọ̀tì, ibẹ̀ ni ẹ sì ti gbọ́dọ̀ gba ẹrù yín kí ẹ gbé e kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ Salvador sí ara ẹrù náà ní Ìkẹjà, ní Guarulhos, pápákọ̀ ńlá São Paulo, ni ẹ ó ti gbé e, ẹ ó sì tún fi í sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó kàn. Èyí ń gba àkókò. Wákàtí méjì kéré jù. Mẹ́ta ni mo máa ń sọ pé ó kéré tán, mẹ́rin sì ni ọkàn mi ń balẹ̀ sí.

Ẹ tún wo orúkọ pápákọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Guarulhos, tí àmì rẹ̀ jẹ́ GRU, ni ọkọ̀ tó ti òkè òkun wá ń balẹ̀ sí. Àmọ́ São Paulo ní pápákọ̀ mìíràn láàrin ìlú, Congonhas, CGH, tí ọkọ̀ abẹ́lé púpọ̀ ti ń gbéra. Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tó balẹ̀ sí GRU tó sì tún gbéra ní CGH. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ São Paulo kò yàtọ̀ sí ti Èkó wa. Ẹni tó gbé àpótí méjì nínú tasí láti ọ̀kan dé èkejì lè lo wákàtí kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó burú jù ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó máa ń dín owó kù: ẹ ra Èkó sí São Paulo níbì kan, ẹ ra São Paulo sí Salvador lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ abẹ́lé bíi LATAM, GOL tàbí Azul. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ṣe é fún tọkọtaya kan. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi máa gba ẹrù tán, ọkọ̀ Salvador ti lọ, ilé iṣẹ́ kejì sì sọ pé ìpẹ́ ẹlòmíràn kò kan àwọn. Wọ́n sun orí ìjókòó ní Guarulhos, wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní owó ọjọ́ yẹn. Owó tí mo bá wọn dín kù kò tó ìdajì ohun tí wọ́n san. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí dòní. Láti ìgbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì kan tí gbogbo ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ ni mo ń tà, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá pẹ́, àwọn ni yóò wá òmíràn fún yín. Tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé tí ẹ bá dá rà lè má gba àpótí kankan lọ́fẹ̀ẹ́, torí òfin Bràsíìlì ti fàyè gbà á láti 2017 pé kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa gba owó ẹrù lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olórìṣà, ẹ forí jì mí pé mo yà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé obì àti orógbó tó ti ilé wá ni ẹ̀bùn tó wu àwọn ará Bahia jù. Ṣùgbọ́n Bràsíìlì ń ṣọ́ èso, ewé, irúgbìn àti ẹran tó bá wọ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè nípa ìwé àṣẹ kí ẹ tó dì í sínú àpótí. Aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìwé kì í ní wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí aago tàn yín

Èkó fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú Salvador. Bràsíìlì ti dáwọ́ yíyí aago dúró ní 2019, nítorí náà mẹ́rin yẹn kò yí padà láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ. Nígbà tó bá jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán ní Èkó, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn.

Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ó gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ẹ ó dé Salvador ní aago 8 alẹ́ Ẹtì, ojú á rí i bíi wákàtí 21. Wákàtí 25 ni lára yín. Ní àbọ̀, ẹ ó yọ mẹ́rin kúrò. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wákàtí mẹ́ta tí ẹ ó lò ní Ìkẹjà kí ọkọ̀ tó gbéra kún un, àti ti ọ̀nà láti ilé yín dé Ìkẹjà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé ti òun kì í ṣe kékeré.

Èwo ni mo máa mú fún ta ni?

Ní ọdún tó kọjá, màmá kan wá láti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Màmá fẹ́ wà ní Rio Vermelho ní Salvador ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé, ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹ̀bùn Yemọja lọ sójú òkun. Ọmọ ti rí tíkẹ́ẹ̀tì Dubai tó dín owó. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní físà ìlú mìíràn nínú pásípọ́ọ̀tì yín?” Wọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n lọ kí ọmọ wọn obìnrin ní Houston. Mi ò tún jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀nà mìíràn. Paris ni. Owó rẹ̀ lé díẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ méjì ni, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó wà ní pápákọ̀ méjèèjì, kò sì sí pé wọ́n ń fa àpótí ní Guarulhos. Wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní orúnkún àwọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn rìn.

Bí kò bá sí físà tó lè gbé yín gba Paris, mo máa ń kọ́kọ́ wo Casablanca, tí ìdúró ibẹ̀ kò bá ju wákàtí mẹ́fà lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di Addis fún ẹni tí ara rẹ̀ le tó sì ní ẹrù, tàbí Johannesburg fún ẹni tí ọjọ́ ọkọ̀ ibẹ̀ bá bá ọjọ́ tirẹ̀ mu. Iye wákàtí láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé ni mo ń fi wọ́n wé. Ọ̀nà tó bá fi wákàtí mẹ́wàá lé ti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín owó tó pọ̀ kí n tó lè sọ pé kí ẹ gbà á, torí oúnjẹ, oorun àti ara tó rẹ̀ ní owó tiwọn.

Ẹni tó ń lọ fún ọdún Yemọja tàbí fún Carnival kó tètè rà á, torí ìgbà ẹ̀rùn wọn nìyẹn, gbogbo Bràsíìlì ló sì ń lọ sí Bahia. Físà Bràsíìlì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ohun kan ṣì ń dun ọkàn mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1875, Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní Bahia, bá bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, ó sì kàwé níbí fún ọdún mélòó kan kó tó padà. Kí ó tó di ìgbà tirẹ̀, lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ Malê, tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ṣe ní Bahia ní 1835, àwọn tó di Àgùdà ti ń padà wá sílé gba ojú òkun yẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò lójú omi, àmọ́ tààrà ni ọkọ̀ wọn ń gbà, láti èbúté Bahia sí ti wa. Àwa tí a ní bàálù, Addis ni à ń gbà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu lọ sí Brasília, Nàìjíríà àti Bràsíìlì tọwọ́ bọ àdéhùn ìrìnnà òfuurufú, wọ́n sì dárúkọ Air Peace pé yóò máa fò láti Èkó sí São Paulo tààrà. Ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ yẹn ń gbéra lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ kí ẹ tó san owó fún ọ̀nà mìíràn. Èkó sí São Paulo tààrà jẹ́ nǹkan bíi 6,350 kìlómítà, wákàtí mẹ́jọ àti díẹ̀. Tí a bá fi ìyókù dé Salvador kún un, ó di 7,800, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá ààbọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹrù, kọ́sítọ́ọ̀mù àti Congonhas tí mo sọ lókè kan ọ̀nà yẹn náà.